Ta Ló Jókòó Níwájú Ṣọ́ọ̀bù Yẹn?

Ó ti ṣe díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ àwọn fọ́tò ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ mọ irú èyí tí mò ń wí: dúdú àti funfun, férémù tẹ́ẹ́rẹ́, gíláàsì tó ń dán. Ilé oúnjẹ tuntun, ọ́fíìsì lọ́yà, yàrá ìgbàlejò òtẹ́ẹ̀lì, gbogbo wọn ló ń gbé e kọ́ ara ògiri báyìí. Marina nígbà tí Kingsway, ṣọ́ọ̀bù ńlá àwọn òyìnbó, ṣì wà. Bródù Sírìtì nígbà tí mọ́tò ò tíì pọ̀ níbẹ̀. Ìta Tinúbú. Gbági n'Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn ṣọ́ọ̀bù aláṣọ tó fara ti ara wọn. Èèyàn á wọlé, á wò ó fìrí, á ní "Áà, Èkó ìgbà yẹn!", á sì jókòó ti oúnjẹ rẹ̀.

Èmi náà fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú wọn tó ń yọ mí lẹ́nu, tí mi ò rí orúkọ fún. Lápá kan, àìkọ nǹkan kan sábẹ́ wọn ni: kò sí ọdún, kò sí orúkọ àdúgbò, kò sí orúkọ ẹni tó ya fọ́tò. Ìyẹn burú lóòótọ́. Àmọ́ kódà níbi tí wọ́n bá ti kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ kínníkínní, ara mi kì í balẹ̀. Nǹkan ṣì ń ṣaláì sí níbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ló là mí lójú sí i.

Fọ́tò tó dá Màmá dúró

Ìyá ọ̀rẹ́ mi ni. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ wọn sì ní kí wọ́n wá jẹun ọjọ́ ìbí ní ilé oúnjẹ kan n'Íkòyí. Èmi ni mo di ọwọ́ wọn mú bí a ṣe ń wọlé. A ò tíì dé ìdí tábìlì tí wọ́n fi dúró gbọnin níwájú fọ́tò kan.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà nínú rẹ̀. Fèrèsé onípákó wà lókè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó irin wà nísàlẹ̀, sáínbọ́ọ̀dù gbọọrọ kan sì gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ òyìnbó ní lẹ́tà ńláńlá. Ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ilé yẹn lojú ń lọ sí, torí ibẹ̀ ni ẹni tó ya fọ́tò fẹ́ kí ojú lọ. Ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí férémù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e dànù, obìnrin kan jókòó lórí àpótí. Ṣógíláàsì kékeré kan wà lórí àga tìmùtìmù níwájú rẹ̀.

Màmá tún ìgò ojú wọn ṣe. Wọ́n na ìka, wọn ò nà án sí ilé náà. Igun yẹn ni wọ́n nà án sí.

"Ta ló gbé Fikitóríà Sírìtì wá síbí?"

Mo ní, "Màmá, kí lẹ fi mọ̀ pé ibẹ̀ ni?"

"Ṣé mo lè gbàgbé ibi tí oòrùn ti bó mi léjìká?"

Victoria Street yẹn ni à ń pè ní Nnamdi Azikiwe Street lónìí, ọ̀nà Ìdúmọ̀tà sí Tinúbú. Ibẹ̀ ni Màmá ti kọ́ ọjà títà lọ́dọ̀ àǹtí wọn, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka fọ́tò náà fún mi bí ẹni ń ka lẹ́tà. Òwúrọ̀ ni wọ́n yà á, wọ́n ní, torí òjìji ilé ṣì bo ibi tí obìnrin yẹn jókòó sí. Tó bá di ọ̀sán, oòrùn á ti gba ibẹ̀, gbogbo àwọn onípàtẹ á ti sún lọ sódì kejì. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí páálí kan torí gọ́tà wà níbẹ̀. Ọjà kò tíì yá, torí ìdérí ṣógíláàsì ṣì wà ní pípadé. Tí oníbàárà bá ti ń wọ́, èèyàn kì í padé-ṣí padé-ṣí, ńṣe ló máa ń fi í sílẹ̀ gbayawu.

"Wo ìpele òkè. Òwú ìránṣọ nìyẹn, wo bó ṣe tò ó. Bùlúù ìfọṣọ ló máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá, kó má baà ta bá nǹkan míì. Ìṣáná á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Mo tẹ orí sún mọ́ ọn. Àmì funfun àti eérú wínníwínní lèmi rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni àwọn àmì yẹn ń tò ara wọn: ìlà kan tó rí roboto roboto, ìlà kejì tó rí pẹlẹbẹ.

"Ẹni tó bá wọnú ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ ra aṣọ, tó bá jáde, kí ló kù tó máa wá? Òwú. Abẹ́rẹ́. Bọ́tìnnì. Òyìnbó ò ní tú páálí nítorí òwú ẹyọ kan. Àwa là ń tà á. Tí ò bá sí àwa lẹ́nu ọ̀nà yẹn, aṣọ yẹn ò lè di bùbá."

Wọ́n wá tọ́ka sí ọkùnrin tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Akọ̀wé ọjà ni, wọ́n ní. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á lé àwọn onípàtẹ kúrò lójú ọ̀nà, á ní ọ̀gá ń bọ̀. Bí oṣù bá wá ń parí lọ, òun kan náà á rọra yọ́ wá bá wọn, á ní kí wọ́n yá òun ní ṣílè méjì.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ obìnrin náà. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n ní wíwé gèlè yẹn jọ ti ẹnì kan tí àwọn mọ̀, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ò kọ sí kámẹ́rà tó láti fi búra. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni í, tó bá jẹ́ òun ni.

Ọmọbìnrin tó ń bójú tó ilé oúnjẹ náà wá bá wa níbi tí a dúró sí. Ó ní àwọn ra fọ́tò mẹ́fà pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó máa ń tẹ̀ wọ́n jáde látinú íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò sì mọ ibi tí èyíkéyìí nínú wọn jẹ́. Màmá ní, "Ọmọ mi, wá síbí," wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti òkè. Àwọn ọmọ wọn ń pè wá láti ìdí tábìlì. Kò sí ẹni tó dá wọn lóhùn.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo wa la lè ra fọ́tò yẹn. Ìṣẹ́jú tí Màmá lò níwájú rẹ̀ la ò lè rà.

Ẹni tó sanwó fọ́tò ló yan àárín rẹ̀

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo igun àwọn fọ́tò wọ̀nyí kí n tó wo àárín wọn, ọ̀rọ̀ tó ń yọ mí lẹ́nu sì wá yé mi. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó ló wà láàárín ọ̀pọ̀ fọ́tò ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ tí a ń gbé kọ́ bí ìtàn tiwa. Àwa fúnra wa wà ní etí.

Ó ní ìdí. Ní 1929 ni wọ́n da ilé-iṣẹ́ òwò òyìnbó méjì, African and Eastern àti Niger Company, pọ̀ mọ́ ara wọn, tó di UAC. UAC ló ni Kingsway, wọ́n sì ṣí ti Marina ní 1948. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò fọ́tò: wọ́n á fi han àwọn ọ̀gá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ṣọ́ọ̀bù ṣe rí, wọ́n á fi sínú ìròyìn ọdọọdún, wọ́n á fi polówó. Wọ́n lówó tí wọ́n fi gba ẹni tó máa yà á, wọ́n sì ní yàrá tí wọ́n ń kó o pa mọ́ sí. Títí di òní, ìwé àti fọ́tò UAC wà lọ́wọ́ Unilever ní Port Sunlight, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fọ́tò tí wọ́n fi pamọ́ dáadáa ló máa ń dé íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó bá sì dé íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń dé inú férémù.

Àwọn ayàwòrán tiwa ńkọ́? Wọ́n wà, wọ́n sì ti wà tipẹ́. N. Walwin Holm, ọmọ Gold Coast (Gánà òde òní), ti ń ṣiṣẹ́ fọ́tò l'Ékòó ní àwọn ọdún 1890. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá tí kò ní ilé fọ́tò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà ló ń bọ́ ayàwòrán. Ìyàwó tuntun, olóyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, ìbejì tí wọ́n wọ aṣọ kan náà, àwọn wọ̀nyí ló ń sanwó. Wọ́n á dúró níwájú aṣọ tí wọ́n ya ọgbà òdòdó sí, wọ́n á gbọ́wọ́ lé tábìlì. Fíìmù kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ta ló fẹ́ fi ẹyọ kan ṣòfò lórí ìsọ̀ atún-kẹ̀kẹ́-ṣe? J.D. 'Okhai Ojeikere, tí ayé mọ̀ fún fọ́tò irun dídì, ya ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó ní àsìkò òmìnira, mo sì ń dúpẹ́ fún ìyẹn. Irú rẹ̀ kò pọ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé télọ̀, onígbàjámọ̀, atún-rédíò-ṣe, ẹlẹ́kọ tó ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ìyá aláṣọ tó ní ìsọ̀ l'Ẹ̀rẹ́kò, gbogbo àwọn tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ wọn gan-an ni òbí wa ti ń ra nǹkan lójoojúmọ́, kì í sí nínú férémù àfi tí wọ́n bá ń kọjá lọ lójú ọ̀nà ẹlòmíì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́: mi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ fọ́tò Kingsway kalẹ̀. Ilé tó rẹwà ni, ọ̀pọ̀ òbí wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló kọ́kọ́ rí Bàbá Kérésìmesì níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó sanwó fọ́tò kì í ṣe òun náà ló ni òpópónà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn ò lè ta ọjà wọn dé ojúlé tí kì í bá ṣe ọwọ́ àwọn obìnrin wa. Obìnrin tí wọ́n bá fọkàn tán á ní pásíbúùkù. Á fowó ìdúró sílẹ̀, á kó ọjà láwìn, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, oṣù á parí, á san án. Àwọn mìíràn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní páálí páálí, àwọn mìíràn á gbà á lọ́wọ́ tiwọn ní dọ́sìnnì, títí tó fi máa di òwú ẹyọ kan nínú ṣógíláàsì. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà náà ń gbé aṣọ wọnú ìletò láwìn, wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú fọ́tò jẹ́ orísun kan. Odò náà ń ṣàn kúrò lójú fọ́tò lọ sí ibi tí kámẹ́rà kò dé.

Nítorí náà, bí mo bá rí obìnrin kan ní igun fọ́tò, mi ò kà á sí ẹni tó ṣèèṣì wọ ibẹ̀. Òun gan-an ni okòwò yẹn.

Bí èèyàn ṣe lè ka fọ́tò tí kò lórúkọ

Lẹ́yìn ọjọ́ Màmá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ jọ sórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì ń gbìyànjú láti mọ ọdún tí wọ́n yà wọ́n. Ó yà mí lẹ́nu bí ojú ṣọ́ọ̀bù ṣe máa ń jẹ́wọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀nà mọ́tò ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí mọ́tò bá ń lọ lápá òsì, a mọ̀ pé kó tó di ọjọ́ yẹn ni. Fọ́tò kan wà tí wọ́n ń pín kiri pé "Lagos, 1958" ni, tí àwọn mọ́tò inú rẹ̀ ń lọ lápá ọ̀tún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò lè jẹ́ Èkó ọdún yẹn. Nígbà tí mo fẹ̀ ẹ́ sí i, èdè Faransé ló wà lára sáínbọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn. Kútọnu ni àbí Lomé, níbi tí wọ́n ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún tipẹ́, tí àwọn èèyàn wa sì ń ṣòwò dáadáa. Ẹ̀dùn ọkàn ni fún mi, torí ìlú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gba fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ kí èèyàn tó yára dájọ́, kó wo lẹ́tà ara sáínbọ́ọ̀dù: bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síwájú, ẹni tó tẹ fọ́tò ló yí nẹ́gétíìfù padà, ọ̀tún sì ti di òsì.

Iye ọjà ni mo máa ń wò tẹ̀ lé e. Ṣílè àti pẹ́ńsì ni wọ́n bá kọ sára gíláàsì? Kó tó di oṣù kìíní ọdún 1973 nìyẹn, nígbà tí náírà àti kọ́bọ̀ dé. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà ń sọ̀rọ̀. Òfin 1972 tó ya àwọn òwò kan sọ́tọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan mú kí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó jẹ́ ti àwọn ará Lẹ́bánónì àti Íńdíà yí ọwọ́ padà, sáínbọ́ọ̀dù tuntun sì gun orí ògiri àtijọ́. Bí ṣọ́ọ̀bù kan n'Ìbàdàn bá ń polówó tẹlifíṣọ̀n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́yìn 1959, ọdún tí WNTV bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí Ilé Kòkó bá yọrí lẹ́yìn òrùlé, lẹ́yìn 1965 ni. Tí nọ́ńbà GSM bá ti wà lára sáínbọ́ọ̀dù, lẹ́yìn 2001 ni, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á sọ àwọ̀ rẹ̀ di pupa rúsúrúsú tó.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an. Síbẹ̀, gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ọdún ló ń fún èèyàn. Kò lè sọ fún mi pé akọ̀wé ọjà máa ń yá ṣílè méjì lóṣù ń parí lọ. Ẹnu ló ní ìyẹn, ẹnu ọ̀hún sì ń dínkù lọ́dọọdún. Èyí ló ń kán mi lójú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ wa ní ẹni tó ti lé ní àádọ́rin tàbí ọgọ́rin ọdún nílé, tó ṣòwò ní Bálógun tàbí ní Dùgbẹ̀, a sì ń lọ wo fọ́tò Bálógun nílé oúnjẹ láìmú un lọ.

Ilé Ìta Tinúbú

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn fọ́tò Èkó àtijọ́ ti rí ti Ilojo Bar. Ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé, ló kọ́ ọ ní Ìta Tinúbú ní nǹkan bí 1855. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ lókè, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní Bàhíà, nílẹ̀ Bùràsíìlì: ọjà nísàlẹ̀, ibùgbé lókè. Ẹ lè rí irú rẹ̀ ní Pópó Àgùdà, ẹ lè rí i ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, ọtí àti oúnjẹ sì ń lọ níbẹ̀. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ pé ó di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ní ọjọ́ Àìkú kan, katapílà wó o palẹ̀.

Bí ilé ọba bá jó, a máa ń ní ẹwà ló bù sí i. Kò sí ẹwà kankan tó bù sí ibi tí ilé yẹn wà.

Ohun tó ń dùn mí nípa rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ọ̀kan tó kan ọ̀rọ̀ mi nìyí. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n wó o, fọ́tò ojú ilé náà kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti iwájú ni púpọ̀ nínú wọn, tààrà, ògiri àti fèrèsé. Ẹwà ilé ni wọ́n ń yà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn ti ń jẹun tó ń mutí ni ibẹ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ta ló ń se oúnjẹ níbẹ̀? Ta ni wọ́n ń pè bí ọtí bá tán lórí tábìlì? Àwọn wo ló ń tajà lábẹ́ ògiri yẹn, tí wọ́n mọ wákàtí tí òjìji rẹ̀ máa ń kúrò? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn lè ṣì wà láàyè ní Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí. Bí a ti ń ṣọ̀fọ̀ ògiri, ó yẹ ká ti máa wá wọn kiri.

Èrò mi ni pé ilé tí a bá mọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ le láti wó ju ilé tí a mọ ẹwà rẹ̀ nìkan lọ. Ẹwà kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó máa jáde sí ìta pariwo. Àwọn èèyàn ló ní wọn.

Àwọn ìsọ̀ tí ó ṣì ń ṣí láàárọ̀

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù fi fọ́tò Rye Lane àtijọ́ ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn tí mo sọ ìtàn Màmá fún un. Jones & Higgins ló wà nínú rẹ̀, ilé ìtajà ńlá tó wà níbẹ̀ láti 1867 títí di 1980. Kò sí Yorùbá kankan nínú fọ́tò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Rye Lane lónìí: iṣu wà nílẹ̀, aṣọ àǹkárá so kọ́, wọ́n ń dì irun, ẹ ó gbọ́ "Ẹ ǹlẹ́ mà" kí ẹ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Owó ilé ń gorí sí i, ṣọ́ọ̀bù ń yí ọwọ́ padà. Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé ta ló ti ya àwọn ará wa yẹn láti iwájú, pẹ̀lú orúkọ wọn. Ó ní òun máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ fún òun.

Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò mi. Àsìkò ń lọ, torí ojú ìsọ̀ ń yí padà kíákíá. Àwọn àtíìsì tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ sáínbọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń ya orí ọkùnrin mẹ́fà sára pákó onígbàjámọ̀ kí oníbàárà lè yan irú gígẹ̀ tó wù ú, iṣẹ́ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Fléèsì, ọ̀rá tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀, ló gba ibẹ̀. Ọdún méjì kò ní pé tí oòrùn á fi fọ̀ ọ́ funfun, wọ́n á yọ ọ́ sọnù, wọ́n á so òmíràn. Kò sí ohun tó máa kù tí ọmọ wa máa gbé kọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, bóyá ó máa wúlò fún ẹlòmíì. Mo máa ń kọ́kọ́ ra nǹkan. Mo máa ń tọrọ àyè. Ẹni tí kò bá fẹ́, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì máa ń bá tèmi lọ. Ẹni tó ni ìsọ̀ ló máa ń wà láàárín fọ́tò, kì í ṣe ògiri. Mo máa ń bi í ní ohun tó ń tà, ọdún tó dé ibẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Mo máa ń tẹ fọ́tò náà sórí bébà, torí fóònù ń bàjẹ́, fóònù ń sọnù. Pẹ́ńsùlù ni mo fi ń kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀, létí létí, láìtẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Yíǹkì báírò máa ń yọ síwájú bí ọjọ́ bá pẹ́. Ẹ̀dà kan jẹ́ tèmi, ẹ̀dà kan jẹ́ tirẹ̀. Tí ó bá fẹ́ gbé e kọ́, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbé e kọ́ ibi tí oòrùn ti ń wọlé.

Bàbá télọ̀ kan wà ní ìkòríta wa. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní kí n dúró ná. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n wọ agbádá tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rán. Wọ́n ní kí ọmọọṣẹ́ wọn gbé Singer àtijọ́ tí wọ́n kì í lò mọ́ jáde kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n fi àkísà nu orí rẹ̀, ibi tí ọwọ́ ti pa wúrà ara rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì gbé e sí apá ọ̀tún níbi tí ìmọ́lẹ̀ dé. Wọ́n ní kí ọmọ náà wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ àwọn, kó yọ téèpù kúrò lọ́rùn. Wọ́n tún ronú, wọ́n ní kó gbé téèpù náà padà sọ́rùn.

Nígbà tí mo mú fọ́tò padà wá, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí wọ́n tó wo iwájú. Wọ́n ka ohun tí mo kọ síbẹ̀. Wọ́n ní ọdún tí mo kọ kọ́ ni àwọn dé ìkòríta náà, àwọn ti kúkú wà níbẹ̀ lábẹ́ igi kó tó di pé àwọn rí ìsọ̀ gbà. Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Wọ́n ní kí n gbé pẹ́ńsùlù yẹn wá. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ n'Ímúṣin sí i, wọ́n fi orúkọ ọmọọṣẹ́ wọn sábẹ́ tiwọn, wọ́n sì bi mí bóyá àyè ṣì kù fún orúkọ ìyàwó àwọn, torí òun ló ń ta bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà.